Ọ̀sẹ̀ Méjì Bàbá Ṣúmẹ́kà

Ní àdúgbò tí mo ń wí yìí, bí bàtà rẹ bá já, tí o gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀sẹ̀-Méjì, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí o lè bẹ̀ ẹ́ tí yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Yóò gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ, yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, yóò fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, yóò mí kanlẹ̀ bíi dókítà tí ara aláìsàn kò yé, yóò wá ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì." Ìbáà ṣe okùn ló já, ìbáà ṣe ìṣó kan ṣoṣo ló yọ, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tún ń pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo o. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọwọ́ ọkùnrin yìí yá gan-an ni. Ohun tó ń pè ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí kì í gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kìlọ̀ fún un nígbà èwe rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tún bàtà ṣe lójú oníbàtà láé, nítorí bí oníbàárà bá fi lè rí i pé iṣẹ́ náà kò pẹ́, yóò lọ ra gọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọ̀gá náà lè máà rántí pé òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá tiwa kò gbàgbé. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí oníbàárà bá ti kẹ́yìn sí i báyìí, á ti ilẹ̀kùn, á tún bàtà ṣe kíá, á gbé e sórí pẹpẹ, bàtà á wá jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá tó kù, á máa gba afẹ́fẹ́.

Ètò yìí ń lọ wẹ́rẹ́ títí ìjọba ìlú fi kó katakata dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ la ojú irin gba àárín ìgboro, láti ilé ìwòsàn ńlá títí dé ọjà, kí ọkọ̀ tíráàmù lè máa gbé èèyàn lọ gbé èèyàn bọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀. Ní àkókò tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti to irin tán, wọ́n ti ta wáyà sókè, ibùdókọ̀ tuntun sì ti ń dán gbinrin ní ìkángun òpópónà. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ajé yóò búrẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n yàrà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá, wọn kò tíì dí i. Pákó méjì ni wọ́n tẹ́ lé e lórí. Ẹni tí bàtà ti já mọ́ lẹ́sẹ̀ kò ní fẹ́ gun pákó. Àwọn èèyàn bá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n sì ń wọ bàtà wọn bó ṣe já.

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Bàbá yìí kò pariwo. Gbogbo bàtà tó wà nílé ló kó wá sórí pẹpẹ: tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, méjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbàgbé sílé wọn. Láràárọ̀ ló ń fi pọ́líìṣì kùn wọ́n, tó ń yí wọn nípò padà, kí ẹni tó bá yọjú lójú wíńdò lè rò pé òmíràn ti lọ, òmíràn ti dé. Bí wọ́n bá bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, á ní, "Ọwọ́ mi kún."

Onílé nìkan ni irọ́ yìí kò mú. Ó ti sọ fún un pé bí oṣù bá parí tí òun kò rí i pé ó ń fi ṣọ́ọ̀bù ṣe nǹkan gidi, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan tó ń ta fóònù tilẹ̀ ti wá fi téèpù wọn ògiri. Ojú bàbá ló ti wọ̀n ọ́n, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun bá òun di etí kejì téèpù mú. Bàbá bá a dì í mú. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ló kù kí oṣù parí.

Ìjọba ìlú náà kúkú mọ̀ pé àwọn ti fi ilẹ̀ gbígbẹ́ pa àwọn oníṣọ́ọ̀bù lára. Wọ́n rán obìnrin kan pé kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kó sì wá iṣẹ́ tí ìjọba lè gbé fún un kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbọ́ nípa obìnrin náà. Kò kàn mọ ojú rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan tiro wọlé, ó gbé bàtà kan dání, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ṣí.

"Ẹ káàsán, bàbá. Pákó yín ló gba gìgísẹ̀ bàtà mi."

"Pákó ìjọba ni," bàbá dáhùn, "èmi ò tẹ́ pákó kankan."

Bàtà gidi, ẹsẹ̀ gidi, oníbàárà tó ń mí. Ó gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìṣó mẹ́ta àti gọ́ọ̀mù díẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ẹ sì mọ ohun tó jáde.

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Bàbá, ẹsẹ̀ kan ni mo fi dúró yìí. Mo ṣì ní ibi mẹ́jọ tí mò ń lọ. Ṣé ẹ ò lè bá mi kàn án báyìí?"

"Ọmọ mi, wo pẹpẹ yẹn. Ta ni kí n tì sẹ́yìn nínú wọn kí n tó gbé ọ síwájú?"

Obìnrin náà wò ó. Ká ní ó fara balẹ̀ ni, ì bá rí i pé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ló ni mẹ́sàn-án nínú àwọn bàtà náà. Kò fara balẹ̀. Ó fa ìwé yọ nínú báàgì, ó kọ nǹkan sí i.

"Inú mi dùn pé iṣẹ́ ń lọ déédéé fún yín," ó ní.

"A dúpẹ́. Kódà, ó ti fẹ́ pọ̀ jù."

Obìnrin náà gba bàtà rẹ̀ padà, ó tiro kọjá lórí pákó. Bàbá ń wò ó lójú wíńdò. Ó dùn ún dé ọkàn, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ tún ń dùn pé òun kò bá ara òun jẹ́. Irú èèyàn wo ni ká pe èyí?

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà dé sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbé tirẹ̀ wọlé, tó ń kà á sókè. Òun ni yóò máa gẹrun fún àwọn agbẹ́lẹ̀ tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó kù lójú irin. Aránṣọ tó wà lódìkejì ni yóò máa lẹ aṣọ iṣẹ́ wọn. Oníbúrẹ́dì ni yóò máa gbé oúnjẹ ọ̀sán fún wọn. Ó wá ku bàtà. Ọgọ́fà òṣìṣẹ́, ọgọ́fà bàtà tí òkúta ń jẹ nídìí lójoojúmọ́. Onígbàjámọ̀ kà á ketekete: a óò máa kó àwọn bàtà náà lọ sí ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, nítorí ṣúmẹ́kà tó wà ní òpópónà yìí ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ òun.

"Bàbá, ẹ kú oríire," onígbàjámọ̀ ní. "Ìjọba gan-an ti mọ̀ pé ẹ ò ráyè."

Ó na ọwọ́ sí i. Kí ni bàbá ì bá ṣe? Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde tán, ó jókòó sórí àpótí ìṣó.

Ó ká lẹ́tà tirẹ̀, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò, ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó gbàgbé pé ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni ìyàwó òun ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà kì í ri aṣọ bọ omi láìyẹ àpò rẹ̀ wò. Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó wá bá a ní pálọ̀.

"Olówó orí mi, ẹ sọ fún ìjọba pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín?"

"Mi ò mọ̀ pé ìjọba ni."

"Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀ lóòótọ́?"

"Ó ti dín díẹ̀."

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ ni mo wí."

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. "Ọjọ́ Ajé, mo máa tọrọ ààyè níbi iṣẹ́. A jọ ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó kọ lẹ́tà yìí ni."

"Kí ni kí n wá dé ibẹ̀ sọ?"

"Òótọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá rọrùn fún yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí ó fi kàn wọ́n. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì ń rí inú ilé. Obìnrin oníbàtà ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló jókòó sídìí tábìlì. Sílípáàsì ló wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì ò mà tíì pé."

Bàbá gbà á mọ́ra. Ó ní òun wá nítorí bàtà àwọn agbẹ́lẹ̀. Obìnrin náà mi orí. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni wọn yóò fọwọ́ sí ìwé fún ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn ìlú. Ó ní bàtà kọ̀ọ̀kan ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó bá já lónìí gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́la. "Ẹ̀yin rèé, gìgísẹ̀ kan péré, ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàtà tó wà lórí pẹpẹ yín ńkọ́?"

"Irọ́ ni mo pa," bàbá ní. "Kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi àti ìyàwó mi la ni àwọn bàtà yẹn."

"Gbogbo wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni méjì."

Obìnrin náà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà tó já yọ lábẹ́ tábìlì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Kí bàbá tó sọ pé òun kò mú irinṣẹ́ dání, ìyàwó rẹ̀ ti ṣí báàgì. Òòlù, ìṣó, ọ̀bẹ, sáńpépà, gọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ló dì síbẹ̀ láìsọ fún un. Bàbá wo ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ náà wo ilẹ̀kùn, ó sì mi orí fún un pé rárá.

Bí ó ṣe jókòó sílẹ̀ nìyẹn, lójú oníbàtà, lójú gbogbo ayé. Ó fa ìṣó àtijọ́ yọ, ó fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀, ó fi sáńpépà ra á, ó fi gọ́ọ̀mù pa á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kan ìṣó mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni aago ara ògiri kà. Obìnrin náà wọ bàtà, ó rìn dé ojú wíńdò, ó rìn padà, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Èyí lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ mú mi rìn lẹ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì?"

"Ẹ má bínú," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Obìnrin náà mú ìwé. Ó ní ó ku ìbéèrè kan kí òun tó lè gba bàtà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yẹn fún un: láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà mélòó ló ní?

Ibi tí kò rọrùn nìyí, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í. Ó wo ilẹ̀. "Mẹ́ta," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Nọ́ọ̀sì kan tó gbé sálúbàtà funfun wá. Ọkùnrin kan tí okùn báàgì rẹ̀ já. Àti tíṣà àgbà kan tí bàtà rẹ̀ kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́." Ó gbé orí sókè díẹ̀. "Àwọn yẹn fi sùúrù dúró de ọ̀sẹ̀ méjì tiwọn. Wọn ò ráhùn."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kan etí tábìlì. "Ọmọ mi, má kọ mẹ́ta síbẹ̀. Èmi ni mo bẹ nọ́ọ̀sì yẹn. Èmi ni mo bẹ tíṣà. Okùn báàgì yẹn, èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé e ní ilé ìfọṣọ, kí n tó bẹ ọlọ́báàgì pé kó gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Òfo ni kí o kọ."

Obìnrin náà kọ òfo. Ó fọwọ́ sí i, ó ní ọ̀la ni ọgọ́fà bàtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, òun yóò sì kọ̀wé sí onílé lónìí. Bàbá dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ojú tì í gan-an, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò sì mọ èwo ni kó kọ́kọ́ mú nínú méjèèjì.

Ó di ẹnu ọ̀nà, níwájú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kí bàbá tó lè bi ìyàwó rẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí ọwọ́ yín ti ń wá sídìí oúnjẹ láìrùn gọ́ọ̀mù," ìyàwó rẹ̀ ní. "Oúnjẹ ò sì dùn lẹ́nu mi mọ́ láti ìgbà náà." Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, kò sì tètè gbé e sílẹ̀.