Ọwọ́ Tí Ọmọ Mi Fi Ka Òfin

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ ńlá ọmọ mi, màmá mi kígbe nínú sínágọ́gù. Mi ò ní pè é ní ìkìlọ̀, mi ò sì ní pè é ní ìmọ̀ràn. Igbe ni, irú èyí tí wọ́n ń ké ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọmọdé bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ epo gbígbóná. Àyà mi já débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Títí di òní, bí mo bá fọwọ́ kan ibi tó ti là yẹn, mo tún ń gbọ́ igbe náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Júù ni ọkọ mi, ọmọ bíbí Dublin, àmọ́ Júù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé sínágọ́gù ni. Èmi, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mi ò sì yí padà. Nígbà tí a fẹ́ra, a jọ fẹnu kò pé a ò ní fi ẹ̀sìn fa ọmọ ya. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ló wá yà wá lẹ́nu. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Hartstown, tó ní òun fẹ́ ṣe bat mitzvah. Ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin Júù máa ń dìde níwájú ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí yóò ka Òfin Mósè ní èdè Hébérù, tí wọ́n á sì kà á kún àgbà láti ìgbà náà lọ. Bàbá rẹ̀ la ẹnu, kò lè pa á dé. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní, "It's Dad's, so it's mine." Ọ̀rọ̀ parí.

Ìjọ tí ìyá ọkọ mi ń lọ, ní apá gúúsù ìlú, máa ń gba ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù bí ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ Júù, kí ọmọ náà ṣáà ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó sì kẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí mo fi ń gbé e gba M50, òpópónà tó yí Dublin ká, lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí n ó já a sílẹ̀, tí n ó tún sáré padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, tí àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á máa wò mí ṣùn-ùn pé mo tún ti pẹ́ dé.

Ìwé tí wọ́n ń kà náà kì í ṣe èyí tí à ń ṣí léwé-léwé. Awọ ẹran ni, wọ́n ká a mọ́ igi méjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Kò ní fáwẹ̀lì, kò ní àmì tí yóò sọ bí orin rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá kọ Yorùbá láìfi àmì sórí ẹyọ kan: ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè kà á. Ìka kò gbọdọ̀ kan awọ náà. Ọ̀pá fàdákà kékeré kan ni wọ́n fi ń tọ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ kóńkó kan wà ní orí rẹ̀ tó na ìka kan síwájú. Bí ọ̀pá yẹn bá ṣìnà, ojú ẹni tó ń kàwé náà á ṣìnà.

Ọwọ́ òsì sì ni ọmọ mi ń lò. Láti ìgbà tó ti mọ ṣíbí dì mú ló ti rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè níbí. *Ciotóg* ni ìyá ọkọ mi ń pè é, bí àwọn ará Ireland ṣe ń pe ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì fi ń pè é. Mi ò sọ fún màmá mi rí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í hàn lórí fóònù.

Màmá mi gba físà, ó wọ bàálù, nítorí ọjọ́ yìí, òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú igbe yẹn ló sì balẹ̀. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ àárín àwọn Júù ni ọmọ-ọmọ òun ti fẹ́ di àgbà, òun á lọ jókòó sáàárín wọn. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì le bí ojú ẹja. Ohun méjì péré ni àwa ọmọ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀: ìkọ̀wé rẹ̀ tó dà bí ìgbà tí adìẹ bá tan ilẹ̀, àti tíì rẹ̀. Màmá mi kò gbé ife tíì láti ìdáná dé pálọ̀ rí kó má dà sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun náà a máa bá wa rẹ́rìn-ín, a ní Ọlọ́run kò fún òun lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, tí ọmọ mi fẹ́ fi kíkà rẹ̀ dánra wò, ẹnu ti ń yà á kí a tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ni rábì wọn, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó sì dé fìlà pelebe. "Obìnrin ni pásítọ̀ wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. "Fìlà ọkùnrin ló sì dé?" Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Àwọn ará sínágọ́gù gbé Òfin jáde, wọ́n tú u, ọmọ mi gòkè lọ, ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá fàdákà, ó gbé e lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó la ẹnu. Ìgbà náà ni igbe ta.

"Háà! Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ ọ̀tún, ìwọ ọmọ yìí! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lò ń na ọwọ́ òsì sí? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"

Ohùn ọmọ mi já. Rábì wo ojú mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo sì ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Rábì kò bínú. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí òfin kankan lórí ìyẹn, ọwọ́ tó bá rọrùn fún ọmọ ni kó lò. Màmá mi ti dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì nígbà náà, ó sì tẹ̀ mọ́ ọ̀pá fàdákà náà.

"Sọ fún un pé kó wò ó dáadáa. Ọwọ́ kóńkó tí àwọn fúnra wọn rọ yìí, ọ̀tún ni àbí òsì?"

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Rábì ní láti ọjọ́ tí òun ti ń lò ó, òun ò fiyè sí i rí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ọ̀pá náà sílẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Nígbà tí a délé, ó tẹ̀ lé mi wọ ìdáná, ó ṣí press tí ife wà nínú rẹ̀, ó mú ife jáde, ó tún dá a padà.

"If Grandma's there, I'm not doing it, Mam."

Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀, pé òkè òkun ni màmá ti wá torí rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, pé òun ò bínú sí wọn, àmọ́ nígbà tí igbe yẹn ta, gbogbo lẹ́tà inú awọ náà tú ká lójú òun, òun ò sì rí ẹyọ kan mú. Bí òun bá tún rí ojú wọn ní iwájú, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. Omi ti lé sí i lójú. Iṣẹ́ ọdún méjì, mo ronú, àti ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè láyé.

Láti pálọ̀ ni màmá mi ti dáhùn. "Mo gbọ́ o. Etí mi ò di." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn sọ fún un pé kò burú. Wọ́n ní àwọn ò ní bẹ ọmọdé nítorí pé àwọn kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ mi wá gbé ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́ yọ, ó ní, "It'll be grand," bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé kò séwu. Ó kù díẹ̀ kí n sọ bàtà lù ú.

Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ náà rí ọgbọ́n ta sí i. Ó ní ó dáa, òun á fi ọwọ́ ọ̀tún kà á, kí olúkúlùkù sinmi. Ọgbọ́n yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni mò ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń kọ orin náà, tó ń dé ìlà kejì, tí ọwọ́ ọ̀tún ń yọ̀, tí orin ń dá. Á tún bẹ̀rẹ̀. Á tún dá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, a lọ jẹun nílé ìyá ọkọ mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí ọjọ́ ìsinmi wọn tó wọlé. Ìyá náà tan àbẹ́là, ó bu búrẹ́dì fún wa. Ó wá rí i tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun gbọ́ngbọ̀n-gbọ́ngbọ̀n, ó sì bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ kejì. Ọmọ náà tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Ìyá náà wò wá lọ, ó wò wá bọ̀, ó ní àbúrò òun obìnrin náà jẹ́ ciotóg. Ó ní nílé ìwé, tíṣà rẹ̀ máa ń fi rúlà lu ẹ̀yìn ọwọ́ náà títí á fi wú, á wá ní kó fi èkejì kọ̀wé.

Màmá mi gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó gbọ́ òyìnbó dáadáa, síbẹ̀ Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Bi wọ́n bóyá ọmọ náà padà mọ̀wé kà."

Mo bi wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní ó mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ kò ka nǹkan kan sókè níwájú èèyàn mọ́ títí ó fi kú, kódà níbi ìgbéyàwó ọmọ tó bí. Màmá mi fi ọwọ́ ọ̀tún bo tòsì mọ́lẹ̀ lórí itan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó títí a fi dìde. Mo rò pé ìbínú ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìjókòó kún. Mo fi màmá mi sí ìlà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè dì wọ́n mú. Ọmọ mi gòkè, ó wo ìyá ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀pá fàdákà. Ìlà àkọ́kọ́ lọ geere. Ní ìlà kejì, ọ̀pá náà gbọ̀n, ó yọ̀, orin sì dá. Ó tún un mú, ó tún dá. Rábì rọra sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí, kò gbọ́. Ó gbójú sókè. Èmi kọ́ ló wò, màmá mi ló wò, omijé sì ti ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.

Màmá mi dìde. Mo di ìró wọn mú, wọ́n yọ ọwọ́ mi kúrò bí ẹni ń yọ ẹ̀gún, wọ́n sì ń lọ síwájú. Mo rí ojú ọkọ mi, ó ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ó parí, wọ́n tún fẹ́ kígbe, ọmọ yìí ò ní dárí jì mí láyé. Wọ́n gun orí pèpéle, wọ́n dúró tì í, wọ́n sì yọ ọ̀pá náà kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi yọ ọ́. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Màmá mi, tó gbá mi létí lójú àlejò torí pé mo fi ọwọ́ òsì gba nàírà, fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀pá fàdákà yẹn sí ọwọ́ òsì ọmọ mi, ó sì gbé orí ọ̀pá náà lé ojú ọ̀rọ̀ tó ti sọ nù gan-an. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Mi ò rí i kí ọwọ́ màmá mi dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ilé bàbá rẹ lò ń júwe," wọ́n sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ohùn tíṣà. "Ọwọ́ tó bá mọ ọ̀nà ni kí o fi júwe rẹ̀."

Ọmọ mi, tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó sì kà á. Ó kọ ọ́ lórin dé òpin, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sí òrùlé, kò kọsẹ̀. Màmá mi dúró tì í ní gbogbo ìgbà náà, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, a kó lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n to búrẹ́dì àti wáìnì sí. Mo fa màmá mi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Màmá, kí ni mo rí yẹn?"

"Ohun tí o rí ni." Wọ́n ń wo àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri. "Ọ̀já ni ìyá bàbá mi fi ń so ọwọ́ òsì yìí mọ́ mi lára. Bí mo bá ti jí, wọ́n á so ó, ó di ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn. Wọ́n ní mi ò ní rí ọkọ fẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Kí ni kí n sọ? Pé mo ní ọwọ́ kan tí kò dáa?"

Mo ń rò ó, gbogbo tíì tí a ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà pẹ̀lú ife tíì tó kún dé etí. Mo na ọwọ́ láti bá màmá mi gbà á, bí a ti máa ń ṣe nílé. Wọ́n mi orí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ọwọ́ òsì, wọ́n sì fi í gba ife náà, wọ́n rìn gba àárín àwọn ọmọ tó ń sáré yẹn kọjá lọ sí ìdí tábìlì tó jìnnà jù, níbi tí ọmọ mi ti ń fọwọ́ pè wọ́n. Mo tẹ̀ lé wọn, mo sì ń wo àwo ìsàlẹ̀ ife náà. Kò dà.