Ẹni Tí Ewúrẹ́ Ò Lè Kọjá

Tí mo bá ti sá èlùbọ́ sórí àpáta, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń rántí. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń ta èlùbọ́ ní Kabba. Ní kékeré rẹ̀, òun ló ń bá wa ṣọ́ ọ. Kì í sọ òkò, kì í pariwo. Á kàn ya ẹsẹ̀ dúró níwájú ewúrẹ́. Bí ewúrẹ́ bá yà sọ́tùn-ún, òun náà á yà sọ́tùn-ún. “Kò kọjá, Ìyá,” ló máa ń wí.

Ewúrẹ́ Kabba tí kò nítìjú ló kọ́ ọ níṣẹ́ tí àwọn òyìnbó wá ń sanwó fún. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí nínú bọ́ọ̀lù ní ìlú òyìnbó, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Tí wọ́n bá gbá a tán, á pè wá: “Okun o, ẹ̀yin ìyá mi. Kò kọjá o!”

Èmi á ní, “Ẹlẹ́sẹ̀ bí ọmọ odó! Ìgbà wo lo máa gbá góòlù tìrẹ wọlé?”

Àárọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kú. Ká ní onígbàgbọ́ bíi tèmi ni, mọ́ṣúárì ni à bá gbé e sí de ọmọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni. Ọmọ ń sunkún lórí fóònù: “Ìyá, ẹ bá mi dá wọn dúró, kí n rí ojú rẹ̀.” Ta ni mo tó dá dúró? Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àpáta wa. Òbúkọ kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ki ẹnu bọ èlùbọ́ mi.

“Gbajúmọ̀ ìlú òyìnbó, òbúkọ ti kọjá o!”

Ó wò ó. “Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, Ìyá. Ikú ti kọjá mi wọlé, kí ni ti òbúkọ?”

Mo jókòó tì í. Òbúkọ jẹ èlùbọ́ yó.