Bí Tábìlì Ìdáná Màmá Mi Ṣe Gba Orí Omi Wálé

Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ Ẹtì náà, èmi àti màmá mi ti dúró ní etí títì Ibereko, a ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé Ajido. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Èkìtì ni mo ń kọ ìtàn yìí sí, nítorí mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ fún yín pé màmá mi ti di atukọ̀ lórí ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ní bí ó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ni màmá mi ń tà fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ àdúgbò wa, nínú rẹ̀ sì ni owó ilé ìwé mi ti ń jáde. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba, wolé-wolé kì í yẹ ìkòkò omi wò nìkan mọ́. Ilé oúnjẹ tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí pé kò ba àyíká jẹ́, títì pa ni wọn yóò tì í ní Sátidé gbálẹ̀-gbáta, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká. Tábìlì tí màmá mi ń gé ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀ ni wolé-wolé tiwa rí tí ó fi mi orí, nítorí pé ó ti là, èérí sì ti wọ inú rẹ̀. Màmá mi ní òun yóò ra pátákó dídán. Wolé-wolé ní òkè òkun ni ìyẹn ti ń wá, ìjọba kò sì fẹ́ ẹrù òkè òkun. Màmá mi ní kí òun kúkú la pákó tuntun. Wolé-wolé ní igi gbígbìn ni ìjọba ń ṣe báyìí, kì í ṣe igi gígé. Nígbà tí màmá mi wá dárúkọ sìmẹ́ǹtì, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni ń rí sìmẹ́ǹtì rà ní àsìkò ọ̀wọ́n gógó yìí?

Obìnrin tí ń gbé ẹja wá fún wa ló gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní Baba Sẹ̀wánù ní Ajido ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí ó gbòòrò, tí kò là, àti pé bàbá náà ti gbà láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun kan péré ni bàbá náà béèrè fún: kí a mú ohun èlò kan dání láti inú ilé ìdáná tí pákó náà yóò máa gbé, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ọmọrogùn ńlá tí màmá mi fi ń ro ọkà ni ó mú.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ kó àgbọn ló gbé wa. Màmá mi san náírà kan, wọ́n sì gba àádọ́ta kọ́bọ̀ fún tèmi nítorí aṣọ ilé ìwé tí mo wọ̀. Kòtò inú títì pọ̀ débi pé eyín wa ń lu ara wọn. Awakọ̀ wo ọmọrogùn náà títí, ó sì bi màmá mi pé ta ni a fẹ́ lọ nà ní Ajido.

“Awakọ̀ tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ jù ni,” màmá mi dáhùn. Awakọ̀ náà yára yí ojú padà sí títì.

Èéfín ẹja ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ ní Ajido. Baba Sẹ̀wánù, àgbàlagbà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí àjẹ̀ tí a fi ń tu ọkọ̀, kí wa ní èdè Ègùn pé “kúàbọ̀”, èyí tí kò nílò ìtumọ̀ fún Yorùbá kankan. Ìyàwó rẹ̀ gbé àkàsà fún wa, ìyẹn ẹ̀kọ tútù, pẹ̀lú ẹja yíyan àti ata lílọ̀. Ní ilé tiwa, mọ́ínmọ́ín ni à ń fi jẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ní ti òtítọ́, n kò rántí mọ́ínmọ́ín ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n fi pákó náà hàn wá. Ó gùn bí ibùsùn, ó nípọn, ó sì dúdú. Ọkọ̀ tí bàbá Baba Sẹ̀wánù fi pẹja títí ó fi kú ni wọ́n là á lára rẹ̀. Ní Èkìtì, bí òpó ilé bá gbó, a ó fi dáná ni. Níbí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé pákó náà sínú ọkọ̀ ojú omi Baba Sẹ̀wánù tí yóò gbé wa lọ sí Badagry nítòsí ilé wa, bàbá náà fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

“Ọmọ mi, ọkọ̀ kì í gun ọkọ̀.”

Ó ṣàlàyé pé ohun tí ó ti gbé ènìyàn rí kò gbọdọ̀ kúrò lórí omi bí òkú. Ikùn ara rẹ̀ ni yóò fi wọ́ lọ, ẹni tí ó ń mú un lọ ni yóò sì jókòó lé e, kí ọ̀sà lè rí ojú rẹ̀, kí ó má baà pè é ní olè. Màmá mi, tí ẹ̀rù omi kì í jẹ́ kí ó wo inú kànga lẹ́ẹ̀mejì, ní kí èmi jókòó lé e.

“Ṣé ọmọ yìí ló ń se oúnjẹ ni?” bàbá náà béèrè.

“Rárá o. Jíjẹ ló ń jẹ.”

“Ẹ jókòó nígbà náà, ìyá.”

Wọ́n fi okùn so pákó náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa. Màmá mi jókòó sí àárín rẹ̀ láìmira, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ọmọrogùn lórí itan, omi ń wọ ìró rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ti ọjà bọ̀ nínú ọkọ̀ wọn ń kí i pé ẹ kú ìjókòó. Ọ̀kan nínú wọn ní ọkọ̀ ìyá yìí dára, ó kàn ku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí a ń wo àwọn igi àgbọn Topo ní òdìkejì, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, okùn sì já. Kí a tó yí ọkọ̀ padà, omi ti ń gbé màmá mi lọ. Mo na ọwọ́ sí i, n kò tó o. Baba Sẹ̀wánù na ọ̀pá gígùn sí i, ó ní kí màmá mi dì í mú, kí ó fi pákó sílẹ̀.

“Kí n fi í sílẹ̀ ṣe kí ni?” màmá mi dáhùn. “Ilé ìwé ọmọ mi ni mo jókòó lé yìí.”

Ó ti ọmọrogùn bọ omi. Bí ó ṣe ń ro ọkà ni ó ṣe ń ro ọ̀sà, pákó sì ń yí po lójú kan náà bí òòyì.

“Ìyá, ẹ má rò ó,” Baba Sẹ̀wánù ké sí i. “Ẹ fà á.”

Màmá mi fà á sí ọ̀tún, ó fà á sí òsì. Pákó náà ṣe bí ẹni tí ó rántí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà títí ó fi gúnlẹ̀ sí iyanrìn Topo. A bá a níbẹ̀ pẹ̀lú okùn tuntun, ṣùgbọ́n màmá mi kọ̀ kí á so òun mọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ṣíwájú wa dé etí omi Badagry, níbi tí a ti fi ọmọlanke gbé pákó náà lọ sí ilé, tí káfíńtà fi ránńdà fá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé náà, wolé-wolé wọlé, ó dúró, ó sì fa imú.

“Ìyá, ẹja wo lẹ ń fi pamọ́ fún mi?”

Màmá mi ní ẹ̀wà nìkan ni òun sè. Kò gbà. Ó ṣí gbogbo ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, kí ó tó gbé imú lé pákó náà. Ó béèrè bóyá ó wá láti òkè òkun. A ní Ajido ni. Ó béèrè bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni. A ní ó ju wolé-wolé fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ó wá béèrè bóyá ó ṣeé fọ̀.

“Ọ̀gá, kí wọ́n tó bí yín ni pákó yìí ti ń wẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ kí n fi fọ̀ ọ́?”

Wolé-wolé jókòó, ó jẹ ẹ̀wà tán, ó sì fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà lórí pákó náà gan-an.

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ohun tí ó gbó kò tíì parí iṣẹ́, àti pé ẹ̀rù omi kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rù kí ọmọ ẹni jókòó sílé. Ilé oúnjẹ wa ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹja ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà àwọn oníbàárà ń du àyè nídìí pákó náà: wọ́n á bu ẹ̀wà lásán, wọ́n á sì máa fi òórùn ẹja gbé e mì. Olùkọ́ ìṣirò wa ti wá bẹ màmá mi ní ìkọ̀kọ̀ pé, bí wọ́n bá ń fọ pákó, kí wọ́n jọ̀wọ́ má ṣe fi ọṣẹ kan ibi tí òun máa ń jókòó sí.