Òkè Gbóná, Ìsàlẹ̀ Tutù

"Má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá arúgbó kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe gbá ọwọ́ bàbá mi kúrò lórí ìdérí rédíétọ̀. Ooru ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi ń hó kùtùkùtù nínú irin, òórùn rọ́bà gbígbóná sì ti gba gbogbo abẹ́ igi máńgòrò tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ní Kwali. Ó na apá rẹ̀ tí àpá iná wà sí wa. "Irú rẹ̀ ló bó mi báyìí. Jókòó, jẹ́ kó tutù."

Bàbá mi jókòó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń kó èrò láti Abaji lọ sí Garki, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olú-ìlú tuntun, òun la sì ń jẹ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń gbóná jù lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì méjì ti ní ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹni tó fẹ́ rà á láti tú u palẹ̀ sì ń bọ̀ wá bá wa níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nílé, ìyá mi ti ń di ẹrù. Bí ọkọ̀ bá lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa ń padà sí.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni bàbá mi wí. "Wọ́n ní ó ti kú."

"Kai! Ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Ará Ìlọrin ni bàbá náà, ó ga, ó gbẹ, epo sì ti mu fìlà rẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Ó lágídí, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó fi ìka méjì ra á. "Bí omi bá ti wọnú ọ́ìlì, á funfun bí ògì. Èyí dúdú dáadáa. Ẹ́ńjìnnì kò ṣẹ̀." Ó tẹ bẹ́líìtì fáànù, ó le. Ó bu omi sí rédíétọ̀, ó ní kí bàbá mi sítáàtì ọkọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fọwọ́ ba rọ́bà òkè rédíétọ̀, ó yára gbọ́wọ́ kúrò. Ó fọwọ́ ba ti ìsàlẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

"Òkè gbóná, ìsàlẹ̀ tutù. Omi ò kọjá. Nǹkan kan dí i."

Ó tú rédíétọ̀ sílẹ̀, ó fi iná yọ́ òjé tó di orí rẹ̀. Nǹkan funfun ti dí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Ó fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì. Omi wo lo ń bù sí i?"

"Omi kànga ni, Bàbá. Ọmọbìnrin mi yìí ló ń pọn ọ́n láràárọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, irọ́ mi sì ti lé ní oṣù kan. Kànga jìnnà, èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìnkùlé wa, àwọn lébìrà sì ní dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń fọ ṣọ́bìrì tí sìmẹ́ńtì bá ti lẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni mo ń ri kẹ́ẹ̀gì bọ̀, kí n lè ráyè fò sùwẹ̀ kí n tó lọ sílé ìwé.

Bàbá náà kò pariwo. Ó lóṣòó títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba.

"Ìyá mi, mi ò bi ọ́ torí kí wọ́n lè nà ọ́. Bí mo bá ṣe é tán tí omi yẹn tún wọ̀ ọ́, á tún bàjẹ́ ni. Níbo lo ti ń pọn ọ́n?"

Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ti dìde, ó ti na ọwọ́ sókè.

"Dírẹ́bà, jókòó," ni bàbá náà wí láìwẹ̀yìn. "Ohun tí mẹkáníìkì méjì ò rí ló sọ fún wa yẹn. Yauwa, ọmọ dáadáa."

Ó mú irin pẹlẹbẹ kan, ó ń tì í bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan títí ó fi yọ lódì kejì. Èmi ń da omi kànga tẹ̀lé e. Ihò tó bá ṣagídí, á padà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà dé nígbà tí rédíétọ̀ ṣì wà nílẹ̀ bí ẹran tí wọ́n là. Bàbá mi wo ọwọ́ arúgbó yẹn tí kò dúró, ó ní, "Ẹ má bínú, n kò tà á mọ́."

Bàbá náà fi òjé di rédíétọ̀ padà, ó dè é mọ́ ọkọ̀; kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti lọ sí Abaji, ó sì padà dé láìjẹ́ pé omi rẹ̀ hó. Bàbá náà pè mí, ó gbé ọwọ́ mi lé rọ́bà ìsàlẹ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyá mi tú ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù kọjá, mo sì lọ tò sórí ìlà nídìí kànga.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, inú sì tètè máa ń bí mi, n kò ní purọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé, ohùn mi ló ń kọ́kọ́ lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí fìlà elépo yẹn. Mo máa ń lóṣòó síwájú ọmọ, eékún mi á ké, mo sì máa ń dúró kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.