Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kò pẹ́ tí a kírun tán. Èmi nìkan ni mo ní aago lọ́wọ́ nínú wa, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni nígbà tí okùn tí mo dì mú dẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nísàlẹ̀ okùn náà, nínú kòtò.

Ọdún tí àwọn olóṣèlú padà sórí àga ìjọba ni. Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo padà sí abúlé wa lọ́nà Komu, mò ń retí iṣẹ́. Àwọn Gàmbàrí tó ń ra òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn ọ̀dọ́ sì ti fi oko iṣu sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní kì í ṣe nǹkan tuntun, pé àwọn baba ńlá wa wa irin níbẹ̀ kí òyìnbó tó kó irin tiẹ̀ dé. Àwọn kan fi kún un pé irin wa ni wọ́n fi jagun dé ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ti ogun yẹn, mi ò rí ẹ̀rí. Ohun tí mo rí ni òkìtì ìdàrọ́, pàǹtí irin tó ti jóná di dúdú, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Orí rẹ̀ la máa ń jókòó sí jẹ máńgòrò. Ibi tí wọ́n ti wa òkúta irin náà gan-an, ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn mí.

Ìlà pèrègún kan wà tó ti ẹsẹ̀ òkè wá, ó gba etí oko wa, ó dé ẹ̀yìn ilé. Gbogbo wa gbà pé ààlà ni. Ta ni yóò rí pèrègún lóko tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn? Ìdí ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ kòtò rẹ̀ sí, kí ó lè lo ilẹ̀ wa dé òpin láìwọ ti ará ilé kejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a jọ di okùn mú ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀.

"Akọ̀wé, fà á dáadáa. Kì í ṣe bírò nìyẹn."

"Fi í sílẹ̀ jàre," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ máa tó yi."

Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn dẹ̀, tí ilẹ̀ sì ró nínú kòtò. Kò dún bí àrá. Ó dún bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó lórí àpò àgbàdo. Eruku tú jáde. A fa okùn sókè, garawa nìkan ló bá a wá.

Mo pè é. Mo tún pè é. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti inú kòtò. Ẹ̀yìn wa ló ti ń bọ̀, lábẹ́ ilẹ̀, nídìí pèrègún tó tẹ̀ lé èyí tí kòtò wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju okùn sílẹ̀. "Má dá a lóhùn o. Alààyè kì í pe ènìyàn láti abẹ́ ilẹ̀."

Mi ò bá a jiyàn. Ó wù mí kí n sá. Ohun tó dá mi dúró ni pé ohùn náà ń wúkọ́. Mi ò tíì gbọ́ iwin tí eruku há lọ́fun rí.

"Gbogbo wa gbà pé ààlà ni pèrègún wọ̀nyí," mo wí. "Bí kì í bá ṣe ààlà ńkọ́?"

A fi dígà wú pèrègún náà. Lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ la ti bá igi ayìn tí wọ́n tò ní ìbú, tí wọ́n fi yangí bò. Bí a ti gbé díẹ̀ kúrò nínú wọn, ihò dúdú yọ, afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ sí wa lójú. Lójú tèmi, àwọn tó wa irin ló dí ẹnu kòtò wọn, tí wọ́n gbin pèrègún lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní kí n má dáhùn ló dojú bolẹ̀ létí ihò, ó sọ okùn sí i. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ohun tí o jẹ lánàá."

"Iyán ilé yín. Ó ní kókó nínú. Fa okùn."

A fà á jáde. Èjìká rẹ̀ ti bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ní bàtà. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ìlà pèrègún náà, kò wo ojú ẹnì kankan nínú wa.

"Bọ̀dá, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ jìn lábẹ́ mi, mo bọ́ sínú ihò. Ihò yẹn kò pin síbẹ̀," ó ní. "Mo nawọ́, mi ò kan ògiri. Ó ń lọ."

"Ó ń lọ síbo?"

Ó nawọ́ sí ọ̀nà ilé.

Pèrègún tó gbẹ̀yìn wà lẹ́yìn yàrá tí ìyá wa ń sùn. A bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sùn ní yàrá iwájú. Ó ní, "Orí ilẹ̀ yìí ni mo bí gbogbo yín sí, kò sì gbé mi mì. Ìwọ, lọ fi omi gbígbóná jó èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ."

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló gba abúlé kan lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ihò náà dé abẹ́ ọjà Komu. Wọ́n ní àwọn kan ń gbọ́ òòlù. Mi ò lè jẹ́rìí sí èyíkéyìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìyá wa lọ ṣe àlùwàlá fún Màǹgàríbì, mo gbé ọmọ odó wọ yàrá rẹ̀, mo ń fi kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dún gbì. Lẹ́bàá ògiri, gbì. Mo ti ibùsùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kan ibẹ̀ náà. Ó dún bí ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.