Nígbà tí Ògúndìran Padà Wá Gbé Ilé

Ní àdúgbò wa ní Bẹ̀, nílùú Lomé, kò sẹ́ni tí kò mọ Ìyá Fikáyọ̀ onídìrí. Iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, tèmi náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí èmi Ràbíátù ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni a ò mọ̀ dáadáa. Ògúndìran lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu ni, awakọ̀ tírélà sì ni. Ó máa ń kó ẹrù láti èbúté Lomé lọ sí Wagadúgù, nígbà mìíràn á dé Niamé. Tó bá wọlé lónìí, kò ní pẹ́ tó fi máa tún gbéra. Àwọn aládùúgbò ń kí i bí ẹni ń kí àlejò. Èmi gan-an tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, èmi àti òun kì í sọ ju "Ẹ kú ilé" àti "Ẹ káàbọ̀" lọ.

Ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ń fi ìpara àti oògùn aporó tì í, ó ń sọ pé ó máa lọ. Ìgbà kan ni wọ́n dé Sinkasé ní ẹnubodè lápá àríwá, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò gbé e. Mùíbì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń rin ọ̀nà yẹn, ló gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n padà dé Lomé, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bò fún un.

"Papa," ó ní, "ọkọ̀ kékeré láàárín ìlú, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn lórí tírélà, ẹ gbàgbé ẹ̀."

Bí Ògúndìran ṣe padà wá gbé ilé nìyẹn.

Inú Ìyá Fikáyọ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ní kí ọkọ òun ṣáà ti wà láàyè. Àmọ́ kò pẹ́ tí a fi rí i pé Ògúndìran kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti jí, á máa yí ilé po, á máa fi ẹsẹ̀ kan ògiri bí ẹni ń yẹ táyà wò. Ibùsùn rọ̀ jù fún un, orí ẹní ló ń sùn. Nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí. Fikáyọ̀, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ti lọ ń ṣe tíṣà ní Kara, torí náà àwọn méjèèjì nìkan ló kù, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtìjú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ti ṣọ́ọ̀bù ló burú jù. Nígbà tí kò rí nǹkan ṣe, ó gbé àga, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ó rò pé òun ń ran ìyàwó òun lọ́wọ́ ni. Ó yọ dígí ńlá kúrò lára ògiri, ó lọ gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé wọ́n ń fi ọṣẹ ṣòfò. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ṣé irun nìkan làwọn obìnrin ń bá wá síbẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, oyún tí a ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u. Ta ló máa tú irú ẹ̀ níwájú ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ká ọwọ́ gbera? Ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Àwọn oníbàárà kan tiẹ̀ gba ibòmíràn lọ.

Ìyá Fikáyọ̀ mú un mọ́ra títí ó fi sú u. Èmi wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣéènjì ni mo wá ṣẹ́.

"Bàbá Fikáyọ̀," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn jókòó ni. Àwọn obìnrin ò lè sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

"Ilé mi nìyí, Ọmọ́bọ́láńlé."

"Mo mọ̀ pé ilé yín ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ń gbé inú ẹ̀."

Ògúndìran dìde. Ó wá bàtà rẹ̀ títí, ó wọ̀ ọ́, ó jáde. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe kọjá níwájú mi. Kì í ṣe ojú ẹni tó bínú. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ní ìlú tí kò mọ̀.

Láti ìgbà náà, gáréèjì àwọn tírélà nítòsí èbúté ló ń lọ ní gbogbo òwúrọ̀, á jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ò dúró. Mùíbì á dé, á gbé kọntéínà, á tún gbọ̀nà Sinkasé. Ògúndìran sọ fún mi lẹ́yìn náà pé tí ọkọ̀ bá ti ṣí, tí wọ́n bá ń juwọ́ sí òun láti òkè, ilẹ̀ lòun máa ń wò.

Cécile ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Agbẹ̀bí ni Cécile, ọmọ ẹ̀yà Mínà, ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyá Fikáyọ̀ ti ń dirun fún un. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bẹ̀ níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé e lọ sí òmíràn lápá Bagidá. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa fi ọ̀kadà rin ọ̀nà yẹn, ló bá ra ọkọ̀ àlòkù kékeré kan. Ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìgbà tó wà nílé ìwé ló ti gbà á, ṣùgbọ́n kò tún fọwọ́ kan sítíárìn láti ìgbà yẹn. Ọkọ̀ wà nínú ọgbà, eruku ń bò ó. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọ̀nà Bagidá gba iwájú èbúté kọjá, àwọn tírélà sì tò síbẹ̀ bí ògiri.

"Lórí ọ̀kadà pàápàá, tí mo bá ti rí wọn, ojú ni mo máa ń dì," ó sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Mínà, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá Fikáyọ̀. "Èmi tí mo ń gbẹ̀bí ìbejì láìfòyà!"

Ìyá Fikáyọ̀ dá ọwọ́ dúró. "Ṣé o mọ̀ pé awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi?"

Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé pé kí Ògúndìran bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Pápá gbalasa kan létí òkun ni wọ́n lọ, kò sì dára rárá. Ògúndìran kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rí, bí ọ̀gá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló mọ̀, èébú ni ìyẹn sì fi kọ́ ọ. Bí Cécile bá tẹ ìjánu jù, á pariwo. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á lu orúnkún ara rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì! Mo ní ẹsẹ̀ òsì! Ṣé o ò mọ òsì ni?"

Cécile pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì, ó pe ọlọ́kadà, ó lọ, ó fi Ògúndìran sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Fikáyọ̀ ló ròyìn bí Ògúndìran ṣe wọlé fún mi. Ó ní ọkọ òun jókòó, kò lè jẹun. Nígbà tó parí àlàyé, ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà, ìbéèrè ló bi í.

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí ọmọṣẹ́ bá dirun tó wọ́, kí lẹ rí tí mo ń ṣe?"

Ògúndìran rò ó. "O máa ń tú u."

"Kí ni mo máa ń sọ?"

"O kì í sọ nǹkan kan. O máa ń ní kó tún un dì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tí mo bá pariwo mọ́ ọn, ọwọ́ ẹ̀ á le, orí oníbàárà ló sì máa dùn. Ẹ lọ bẹ Cécile."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ. Kò rọrùn fún un, àgbàlagbà bí tirẹ̀, láti dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin tí òun tó bí lọ́mọ, kó máa bẹ̀ ẹ́. Cécile ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

"Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà," Ògúndìran sọ fún un. "A ò ní wakọ̀ lónìí. Nǹkan kan ni mo fẹ́ fi hàn ọ́."

Gáréèjì ló mú un lọ. Tírélà Mùíbì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹrù. Ó ní kí Mùíbì jẹ́ kí Cécile gun òkè, kó jókòó sí àyè awakọ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró nílẹ̀, ẹ̀yìn ò jẹ́ kó lè gùn ún. Ó lọ dúró lókèèrè níwájú ọkọ̀.

"Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, Papa."

Ó wá rìn sún mọ́ ọkọ̀ títí ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Báyìí ńkọ́?"

"Mi ò rí yín mọ́! Níbo lẹ wà?"

Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó dúró sẹ́bàá táyà, Cécile ò tún rí i. Ó yọ orí sókè níbi fèrèsé.

"Ibi tí mo dúró sí yìí ni ọkọ̀ kékeré máa ń wà tó bá há mọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Awakọ̀ yẹn ò kórìíra rẹ, kò rí ọ ni. Má dúró síbẹ̀. Máa wá dígí rẹ̀. Tó o bá ti rí ojú rẹ̀ nínú dígí, òun náà lè rí tìẹ. Tó ò bá rí i, fà sẹ́yìn, kó o jẹ́ kó lọ."

Cécile ń wo ilẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn náà ló tẹ fèrè tírélà náà lójijì, gbogbo gáréèjì ta gìrì, òun àti Mùíbì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mùíbì sọ fún wa pé òun ò gbọ́ irú ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Ògúndìran rí láti ọjọ́ tí àwọn ti ń bára àwọn bọ̀.

Wọ́n padà sí pápá létí òkun. Tí ọkọ̀ bá kú, "Tún un tan" nìkan ni Ògúndìran ń sọ. Ìgbà mìíràn á di ẹnu rẹ̀ pa tagbáratagbára, Cécile á sì máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín. Láti pápá wọ́n bọ́ sí àdúgbò, láti àdúgbò wọ́n bọ́ sójú títì ńlá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba iwájú èbúté kọjá, àwọ̀tẹ́lẹ̀ Cécile rin fún òógùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ sókè fúnra rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lára wọn, "Mo rí ojú rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Èyí, mi ò rí i, mo dúró." Lẹ́yìn oṣù kan, òun nìkan ló wakọ̀ dé Bagidá. Ó pe Ìyá Fikáyọ̀ lórí fóònù, ariwo rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kan. Àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì tó kúrò níbẹ̀, àwọn mìíràn ti ń béèrè ọjọ́ tí ọwọ́ Bàbá Fikáyọ̀ máa dilẹ̀.

Báyìí ni Aristide, tó ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan ní Gbosimé, ṣe gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wá a wá. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ń sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ òun nítorí ìjágbemọ́ni, òun sì gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Bẹ̀ tí kì í pariwo. Ìyá Fikáyọ̀ wojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀.

Àmọ́ Ògúndìran ní láti yege ìdánwò kó tó lè di olùkọ́, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é, ní Faransé. Ògúndìran mọ gbogbo àmì ojú ọ̀nà, kò kàn mọ orúkọ tí ìjọba ń pè wọ́n ni. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, kò yege. Ó fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀. Fikáyọ̀ ló ń pè é láti Kara lálaalẹ́, bàbá á sọ orúkọ àmì, ọmọ á tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó yege lẹ́ẹ̀kejì. Ṣáátì funfun ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ó ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá kọ́kọ́ dé lọ́sàn-án, òun ló ń gbé oúnjẹ kaná de ìyàwó rẹ̀. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ̀yìn ṣì máa ń dùn ún, tí Mùíbì bá sì pè láti ọ̀nà àríwá, á béèrè ọ̀nà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kòtò kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń béèrè ará ilé.

Ní ọdún yìí, Ìyá Fikáyọ̀ ní òun náà fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Inú mi ti ń dùn pé a máa rí ìran wò. Ṣùgbọ́n Ògúndìran mi orí.

"Mi ò ní kọ́ ọ o. Èmi àti ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wa ni. Aristide á kọ́ ọ."

Aristide ló kọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tí àwọn ará Kétu pè wọ́n síbi ìsìnkú àǹtí kan, wọ́n yá ọkọ̀ Cécile. Ìyá Fikáyọ̀ ló wà á láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn níbí. Ó ní òun ń retí pé kí ọkọ òun sọ̀rọ̀, kó ní fà sẹ́yìn, kó ní rọra. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yíjú wò ó lẹ́yìn tí wọ́n ti kọjá èbúté, Ògúndìran ti sùn lọ, orí rẹ̀ dà sí fèrèsé, kò sì jí títí wọ́n fi kọjá Anẹ́hò.