Ọdún Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Onídùúró Ìjọba

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé bàbá mi, ìdìbò kan wáyé nílùú Ọ̀fà wa yìí tí kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ títí dòní. Ẹ̀yin ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń ka èsì ìbò lórí rédíò, Màmá á dìde, á jókòó, á tún bọ́ síta bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọ nù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jókòó kí n sọ ejò tó bù mí jẹ fún yín.

Kí òmìnira tó dé ni. Wọ́n ní kí ìlú dìbò yan àwọn tí yóò jókòó sí ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sì jáde. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀wé, àwòrán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí ìbò, orúkọ àwòrán náà la sì fi ń pe ẹgbẹ́. Àwọn olówó àti àwọn akọ̀wé ni Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́. Àwọn oníṣòwò tó ń kẹ́rù wọ ọkọ̀ ojúrin lọ sí Èkó ni Ẹgbẹ́ Alátùpà, bàbá mi sì ni olórí wọn. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ tó ń gbé lápá ọ̀nà Ojoku ni Ẹgbẹ́ Aládàá. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Oníkẹ̀kẹ́ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọn ò tó ìdajì. Alátùpà ò tó, Aládàá ò tó. Àfi bí Alátùpà àti Aládàá bá pa ọwọ́ pọ̀, wọn á wá fi ẹnìkan ṣoṣo ju Oníkẹ̀kẹ́ lọ. Ẹnìkan ṣoṣo! Bí inú bá run ẹni yẹn lọ́jọ́ ìpàdé, ìjọba ti lọ nìyẹn.

Ọdẹ ni olórí Aládàá, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, tó máa ń wolẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Òun àti bàbá mi kò fẹ́ràn ara wọn rárá. Bàbá mi ní ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan ju igbó lọ. Òun náà ní oníṣòwò lè ta ìyá tó bí i bí owó rẹ̀ bá ṣáà ti wọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ kí Oníkẹ̀kẹ́ jọba lé òun lórí, ni wọ́n bá pàdé ní pálọ̀ wa lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjèèjì yí wọn ká. Wọ́n fẹnu kò sí gbogbo nǹkan. Ọdẹ ni yóò ṣe alága, bàbá mi ni yóò ṣe igbákejì, ẹ̀rọ omi àkọ́kọ́ tí ìjọba bá sì fún ìlú, ọ̀nà Ojoku ni yóò lọ, torí omi jìnnà sí wọn níbẹ̀.

Ìbúra ló wá di wàhálà. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé Kùránì wá. Ọdẹ ní òun kò lè fi ìwé tí òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ búra, irin ni òun ń bọ, irin ni kí àwọn fẹnu kàn. Bàbá mi ní mùsùlùmí kì í fẹnu kan irin.

“Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ búra nìyẹn,” ni ọdẹ wí.

“Ẹ̀yin gan-an lẹ ò fẹ́ búra,” ni bàbá mi dá a lóhùn. Àwọn àgbà ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn kiri.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá bàbá mi jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó. Ẹni tó bá máa dalẹ̀, kò sóhun tí kò lè fẹnu kàn. Ẹ fi ọmọ ṣe é. Ìwọ ọmọ mi, fi ọmọbìnrin rẹ ránṣẹ́ sílé ọdẹ, kí ọdẹ fi ọmọkùnrin rẹ̀ ránṣẹ́ síbí. Mo fẹ́ wo ẹni tí yóò da ẹni tó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ.”

Ni àwọn àgbà bá tún jókòó, wọ́n gbà. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu o. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ilé tí kò ní ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbé ibẹ̀. Ìwọ á tọ́ tèmi, èmi á tọ́ tìrẹ, ọmọ á sì gbọ́n. Ohun tí a kò rí rí ni kí wọ́n fi ọmọ dúró fún ìjọba. Ìyá mi sunkún ní ilé ìdáná. Ó ní, “Ṣé ewúrẹ́ lọmọ mi ni, tí wọ́n fẹ́ so mọ́lẹ̀ kí ìjọba má baà já?” Ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ gbọ́ tirẹ̀? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọkùnrin ọdẹ ti dé ilé wa, wọ́n sì ti di ẹrù mi.

Bí mo ṣe dé ọ̀nà Ojoku nìyẹn. Agbo ilé ńlá ni, awọ ẹran kún ara ògiri rẹ̀, ajá ọdẹ sì wà níbẹ̀ tí mo ń bẹ̀rù ju olówó wọn lọ. Ìyàwó ọdẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ra ìkòkò tuntun kan fún mi. Ìbọn ni wọ́n fi ń pa ẹran nílé wọn, ó sì ti gbọ́ pé ọmọ mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí a kò dúńbú. Ẹja ló ń sè fún mi nínú ìkòkò yẹn, kò sì gbọdọ̀ sí ṣíbí tó ti kan ẹran ìgbẹ́ tó máa wọ inú rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, òun tí kò kírun rí láyé rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n mí léjìká: “Dìde, ọmọ mi, àwọn èèyàn yín ti ń pè.”

Àwọn ọmọ àdúgbò sọ mí ní Ìjọba. Bí mo bá gbé garawa, wọn á ní, “Ìjọba ń lọ pọnmi o!” Bí mo bá ṣubú, wọn á pariwo pé, “Ìjọba ti ṣubú!” Àwọn àgbà á sì bẹ́ sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, kí n má purọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń gbàdúrà kí wọ́n jà, kí n lè rí ọ̀nà lọ sílé. Ọjọ́ kan ni mo wá gbọ́ tí Ìyá ń bá aládùúgbò rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ pé, “Bí wọ́n bá pínyà tìjàtìjà, kí la fẹ́ ṣe ọmọ ọlọ́mọ yìí?” Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí, kò sì jáde mọ́. Kí la fẹ́ ṣe ọmọ ọlọ́mọ yìí? Láti ọjọ́ yẹn ni àdúrà mi ti yí padà. Kí ìjọba dúró ni mo ń bẹ Ọlọ́run. N kò mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ọdẹ kà. Bó bá ti ìpàdé dé, tó jókòó, tó béèrè omi, ara mi á balẹ̀. Bó bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ láì kí ẹnikẹ́ni, màá dìde, màá jókòó, màá tún dìde. Ẹsẹ̀ mi kì í gbé ibì kan. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, ojú ọ̀nà ni mo máa ń wò.

Gbogbo Jímọ̀ ni bàbá mi máa ń wá kí mi, òun pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ láti ibùdókọ̀ ojúrin. Nígbà tí páìpù omi bá ọkọ̀ ojúrin dé, tí wọ́n kó o jọ gègèrè sí ibùdókọ̀, ni wíwá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn oníṣòwò tirẹ̀ ní kí ló dé tí páìpù yóò fi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ará oko. Oníkẹ̀kẹ́ gbọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i lábẹ́lẹ̀: kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn á fi ṣe alága, omi á sì dúró síbi tó bá fẹ́. Èmi ò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó yọ sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kì í ṣe Jímọ̀, kò mú búrẹ́dì lọ́wọ́, kò sì jókòó.

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ?”

“Wọ́n ń tọ́jú mi, Bàbá.”

“Ṣé wọn kì í nà ẹ́?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ọdẹ náà ńkọ́? Ṣé ó máa ń bínú?”

“Kì í bínú, Bàbá. Kì í pariwo rárá.”

Ó mi orí, ó ní ó dára, ó sì lọ. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Mo ní bàbá mi fẹ́ràn mi, ẹ ò rí i bó ṣe ń béèrè mi tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi àti méjì nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde lórí àga wọn, wọ́n sì lọ jókòó sápá Oníkẹ̀kẹ́. Ìjọba bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mo ń bẹ gbágùúdá, tí mo fi gbọ́ ariwo àwọn ọ̀dọ́ Aládàá tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

“Ọmọ ọ̀dàlẹ̀ yẹn dà? Ẹ gbé e jáde, kí bàbá rẹ̀ wá bá wa níbí!”

Mo tọ̀ sára. Ìyá fà mí sẹ́yìn ìró rẹ̀. Ọdẹ ti ti ìpàdé dé. Ó jáde lọ́wọ́ òfo, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

Ó ní, “Èwo nínú yín ló fẹ́ dá mi kọjá? Bàbá rẹ̀ ló bá mi mulẹ̀. Òun kọ́ ló yan ibi tí wọ́n gbé e sí.”

Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n tú ká. Ó wá ní kí Ìyá gbé oúnjẹ mi wá. N kò lè jẹ ẹ́. Ó ní, “Jẹun, ọmọ mi. Bó ò bá jẹun, wọ́n á ní èmi ni mo febi pa ẹ́.” Ẹja ló wà nínú ọbẹ̀ náà, bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Mo wá ń retí bàbá mi. Gbogbo agogo kẹ̀kẹ́ tó bá dún lójú ọ̀nà, mo ti sáré yọjú. Bí ọkọ̀ ojúrin bá fọn, mo ti dìde. Ilẹ̀ ṣú, kò wá. Ilẹ̀ mọ́, kò wá, kò sì ránṣẹ́. Ìyá ní bóyá ẹ̀rù ló ń bà á láti wọ àdúgbò. Bóyá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ìbá lè wá, ìyá bàbá mi ìbá lè wá. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo gbọ́ pé bàbá mi ti fòfin dè wọ́n pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ á fi tutù.

Nígbà tí a retí títí, ọdẹ fúnra rẹ̀ mú mi lọ sílé. Ó gbé ẹrù mi lé orí ara rẹ̀, ọkùnrin tó ṣe alága ìlú títí di ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ó di ọwọ́ mi mú, a sì gba àárín ọjà kọjá ní gbangba. Àwọn obìnrin tó ń ná ọjà yà fún wa. Nílé wa, màlúù ni wọ́n pa, èrò pé jọ, wọ́n ń kí Alága tuntun. Ọdẹ sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú bàbá mi.

“Mo mú ọmọ yín wá,” ó ní. “Ẹja ló ń jẹ. Ẹran mi ò kàn án lẹ́nu.”

Bàbá mi ní, “Ẹ ṣeun,” bàtà rẹ̀ ló sì ń wò. Ìyá bàbá mi, tó lè bí ọdẹ, dìde láàárín èrò, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kíá ni ọdẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Èèwọ̀, Ìyá! Ẹ dìde!” Ẹkún ni Ìyá àgbà ń sun. Ìyá mi ti mú ọmọkùnrin ọdẹ jáde, ó wẹ̀ fún un, ó di ẹrù rẹ̀. Bàbá àti ọmọ bá ọ̀nà wọn lọ. Omi náà kò dé ọ̀nà Ojoku títí mo fi relé ọkọ. Oníkẹ̀kẹ́ kò sì jẹ́ kí bàbá mi pẹ́ lórí àga tí wọ́n fi tàn án.

Nígbà tí ó darúgbó, tí èmi náà ti bí ọmọ, mo bi í léèrè. Mo ní, “Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ kọjá sọ́dọ̀ Oníkẹ̀kẹ́, ṣé ẹ rántí pé mo wà nílé ọdẹ?” Ó ní, “Mo rántí. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan.” Inú bí mi, mo dìde kúrò níwájú rẹ̀, inú náà kò sì tíì rọ̀ tán dòní. Ṣé ẹ gbọ́? Kò sí ẹni tí bàbá mi fọkàn tán láyé tó ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ dà.

Ayé ti wá yí padà. Àwọn òṣèlú yín ń pa ẹgbẹ́ pọ̀ lónìí, wọ́n ń tú u ká lọ́la, àwọn lọ́yà ní ń bá wọn kọ ọ́ síwèé, àwọn ọmọ wọn sì wà lókè òkun, níbi tí ariwo ò dé. Ẹ̀ ń sọ pé wọ́n lajú ju àwọn bàbá wa lọ, pé ta ní jẹ́ fi ọmọ rẹ̀ dúró fún ìjọba. Òótọ́ ni, kò sí ẹni tó jẹ́ ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn síwá rìn sẹ́yìn nídìí rédíò yẹn, ohun tí mo ń rò ni pé kì í ṣe ọ̀làjú ló dí wọn lọ́wọ́. Kò sí èyí nínú wọn tó dá lójú pé ẹnìkejì òun á fún ọmọ òun lóúnjẹ jẹ lọ́jọ́ tí ilé bá dàrú.